Alága Ẹ̀yìn Kọ́tìnì àti Mọ́ṣúdù Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ sún mọ́ iwájú, torí pé ẹ̀yin ni ìtàn yìí yóò kọ́kọ́ pa lẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1956, ọkùnrin kan wà ní Ìtamágà ní Ìkòròdú tó ń jẹ́ Mọ́ṣúdù. Búrẹ́dì ló ń gbé kiri tà. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, á gba ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì lọ, á to búrẹ́dì gbígbóná sínú àpótí pákó, á de àpótí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di Àgbọ̀wá. Àwọn ará Àgbọ̀wá kì í wo aago kí wọ́n tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbé omi tíì kaná. Agogo kẹ̀kẹ́ Mọ́ṣúdù ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà mọ́tò lójoojúmọ́, dandan ni kó di onímọ̀ nípa àwọn olówó. Mọ́ṣúdù ti ṣa àwọn onímọ́tò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kéré, fèrè rẹ̀ á pọ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, á yọ apá síta fèrèsé kí ayé lè rí aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bọ̀gìnnì," ni yóò wí fún Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀, "ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó bá ti wọ inú bọ̀gìnnì, ọrùn rẹ̀ á gan. Kò ní lè wo ọ̀tún, kò ní lè wo òsì. Tó bá ta ẹrọ̀fọ̀ sí ọ lára, ìwọ náà ló máa bi pé kí lo wá ṣe níbi tí ẹrọ̀fọ̀ wà."

Rọ̀kíbátù kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Bàbá Fàlílátù, tí Ọlọ́run bá wá fún ẹ̀yin náà ní bọ̀gìnnì ńkọ́?"

"Èmi? Ọrùn mi á gan ju tiwọn lọ. Ṣebí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ẹni tó wá sọ gbogbo àbá Mọ́ṣúdù di òótọ́ ni Olóyè Fẹ̀hìntọlá Adélàjà, Alága Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ọ̀nà. Ẹ má wulẹ̀ wá ìgbìmọ̀ náà nínú ìwé ìjọba kankan. Inú ìtàn yìí nìkan ló ti ń ṣèpàdé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò ju kó dí kòtò ojú ọ̀nà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Olóyè dé ipò, ó wo àwọn kòtò náà títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Báwo ni alága ṣe máa mọ bí kòtò ṣe jìn tó, bí kò bá ní ọkọ̀ tí yóò máa kó sí i?"

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi pọ́n. Bí owó tí wọn ìbá fi dí kòtò ṣe di ọkọ̀ bọ̀gìnnì nìyẹn. Ọkọ̀ náà gùn bí ọkọ̀ apẹja Ìbèṣè, ó dúdú, ó ń dán, fèrè rẹ̀ sì ń kọ ohùn mẹ́ta bí ẹni ń pe àwọn màlékà wá jẹun. Olóyè ní kí wọ́n ta kọ́tìnì pupa sí gbogbo fèrèsé rẹ̀.

"Ojú ẹni ńlá dà bí ẹran Iléyá," ló wí. "Bí ayé bá ń rí i lójoojúmọ́, kò ní jọ wọ́n lójú mọ́."

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó mọ ojú Alága láti Ìtamágà dé Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá ń ṣèpàdé, abẹ́ igi ni ọkọ̀ náà máa ń dúró sí, ìgbìmọ̀ á yí i ká lórí àga. Olóyè á sọ gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ kan pẹ̀lú òrùka á yọ jáde láàárín kọ́tìnì. Bí àtàǹpàkò bá wo òkè, ó gbà. Bí ó bá wo ilẹ̀, ó kọ̀. Bí ọwọ́ kò bá yọ rárá, wọ́n á ní Alága ń ronú. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, àfi tí Alága bá kan gíláàsì láti inú.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń kí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dé báyìí, á tẹ̀ síwájú, á ká apá agbádá, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ tẹ kòtò mọ́lẹ̀, tí kòtò ń dúpẹ́! Ẹ̀yin tí eruku ń bẹ̀ pé kí ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ tún kọjá!" Ọkọ̀ náà á sì fọn fèrè.

Òfin àkọ́kọ́ tí Alága ṣe ni Òfin Ìyẹ́sí. Ó ní oníkẹ̀kẹ́ tó bá rí ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ì báà jẹ́ ti ta ni, kó sọ̀kalẹ̀, kó ṣí fìlà, kó kọjú sí igbó, kó má sì mira títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan béèrè níjọ́ náà pé, "Kí ló dé tí wọ́n á fi kọjú sí igbó?"

"Kí eruku má bàa wọ̀ wọ́n lójú ni, bàbá," ni Akọ̀wé dáhùn. "Ìfẹ́ wa ló ń pa Alága."

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́ṣúdù di ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, tó ń gùn, tó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó bá fi dé Àgbọ̀wá, eruku ti bo búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà á fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ní, "Mọ́ṣúdù, ẹ tún ti fi elùbọ́ sí i lónìí." Ó fara dà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, Alága gbé ọkọ̀ wá sí gbàgede ní Ìkòròdú láti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé ó gbé ẹnu sún mọ́ ojú ihò gíláàsì.

"Ẹ̀yin ìran ẹlẹ́sẹ̀ àti ìran ẹlẹ́kẹ̀kẹ́!" ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Kí ni à ń pè ní kẹ̀kẹ́? Irin méjì tó ń bẹ ara wọn kí wọ́n má ṣubú! Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó bá ọkọ̀ mi jọ lo ọ̀nà kan náà? Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá sí Ẹ̀pẹ́. Yóò fọwọ́ sí òfin mi tuntun: kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà mọ́tò mọ́. Inú igbó ni kí wọ́n máa gbà! Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni tí à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Bí ẹ bá rí èmi Fẹ̀hìntọlá lórí kẹ̀kẹ́ láéláé, ẹ má gba ohun tí mo bá sọ gbọ́!"

Àtẹ́wọ́ ró. Mọ́ṣúdù tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Rọ̀kíbátù gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀.

"Ọ̀nà inú igbó yẹn ńkọ́?" ló béèrè.

"Àbàtà ni láti ìdajì lọ. Búrẹ́dì tó bá la ibẹ̀ kọjá, ṣíbí ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́."

"Ẹ lọ bẹ Alága."

"Níbo ni kí n ti rí ojú rẹ̀? Kọ́tìnì ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Bàbá Fàlílátù, tí kẹ̀kẹ́ yẹn bá dúró, ilé yìí dúró nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Mọ́ṣúdù wí.

Ọjọ́bọ̀ dé. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, ó sì ti dá. Mọ́ṣúdù ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgbọ̀wá, ó ń rò ó pé bóyá ìgbà ìkẹyìn nìyí, nígbà tó gbọ́ fèrè olóhùn mẹ́ta lẹ́yìn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí igbó. Apẹja kan láti Ìbèṣè tó di apẹ̀rẹ̀ ẹja sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Òun náà kọjú sí igbó. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ bọ̀gìnnì náà tó kọjá wọn, ó kó sínú kòtò ńlá kan tó kún fún ẹrọ̀fọ̀, ó sì rì bí ẹni tó dé ilé rẹ̀. Kòtò tí Alága kò dí ni. Ó fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó. Ó ti wá mọ̀.

Wọ́n gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Tìrìmísíyù, kí ló dé tí ayé kò rìn mọ́?"

Tìrìmísíyù ni awakọ̀. "Ọkọ̀ ti rì, sà."

"Sọ fún un kó yọwọ́!"

"Fún ta ni, sà?"

"Fún ẹrọ̀fọ̀!"

Tìrìmísíyù wo ẹrọ̀fọ̀, ẹrọ̀fọ̀ wò ó. "Kò gbọ́, sà."

"Àwọn wo ló dúró ṣánṣán létí igbó yẹn?"

"Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni, sà."

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Igbó, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa wò ó."

"Pè wọ́n kí wọ́n wá tì wá!"

Tìrìmísíyù pè wọ́n. Apẹja Ìbèṣè kò yíjú padà. Igbó ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bẹ Alága. Òfin ní a ò gbọdọ̀ mira títí ọkọ̀ á fi kọjá. Ọkọ̀ ò sì tíì kọjá."

"Ẹ wo ibi tí mo wà ná!" ni Tìrìmísíyù wí.

"Ká yíjú? Ẹ fẹ́ kí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ wa ni?"

Mọ́ṣúdù bu ètè rẹ̀ jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn wọn ló kọ sí ọ̀nà, bí ìgbà tí sọ́ọ́jà bá tò sí páréèdì. Irú ìgbọràn báyìí, ìjọba kankan kò rí i rí.

Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Mọ́ṣúdù yọ́jú wẹ́rẹ́ láti abẹ́ apá. Lọ́kàn rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn á ga tó igi àgbọn. Ọkùnrin kúkúrú kan ló jáde, ó wọ agbádá ńlá, ó dé fìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun alára, ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó sì rì dé orúnkún. Ó ń wo oòrùn, ó ń wo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ó mọ̀ pé ọ̀gá Ìbàdàn kì í dúró de ènìyàn. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó wá bá Mọ́ṣúdù, torí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ló tóbi jù níbẹ̀.

"Ìwọ, kí ni orúkọ rẹ?"

"Mọ́ṣúdù, sà," ni Mọ́ṣúdù sọ fún igbó.

"Gbé mi dé Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá débẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin mi, ìwọ nìkan ni n ó yọ sílẹ̀. N ó fún ọ ní àsíá pupa tí wàá so mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ. Wàá máa gba ọ̀nà mọ́tò títí ayé."

"Mọ́ṣúdù, má gbé e o!" ni apẹja Ìbèṣè sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Fi í síbẹ̀ kó hù!"

Ẹ má tíì dá Mọ́ṣúdù lẹ́jọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun kí ẹ tó jókòó ka ìtàn yìí. Ó rántí àwo oúnjẹ tí òun kò lè jẹ. Ó rántí ohun tí Rọ̀kíbátù sọ. Ó tú àpótí búrẹ́dì, ó gbé e fún apẹja náà pé kó bá òun fi jíṣẹ́ ní Àgbọ̀wá. Apẹja gbà á, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

"Ẹ jókòó sórí irin ẹ̀yìn yìí, sà," ni Mọ́ṣúdù wí. "Ẹ di ìjókòó mi mú."

"Tìmùtìmù dà?"

"Inú mọ́tò ni wọ́n ń lò ó, sà."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí apá agbádá Alága fi wọ inú ṣéènì. Ó ya dé èjìká. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, atẹ́gùn gba fìlà, fìlà sì gba inú odò lọ. Ní gbogbo kòtò tí wọ́n bá kó sí, Alága á ké, Mọ́ṣúdù á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Ta ló ni gbogbo kòtò yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan yọ níwájú, aláwọ̀ ewé, ó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mọ́ṣúdù tẹ bíréèkì, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí igbó. Alága ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ló dé?"

"Òfin ni, sà. Ẹ kọjú sí igbó."

"Èmi ni mo ṣe òfin náà!"

"Mo mọ̀, sà. Ó dára gan-an."

"Ó dáa, mo ti yí i padà! Gùn, ká máa lọ!"

"Alága nìkan ló lè yí i padà, sà. Alága sì sọ lẹ́nu ara rẹ̀ ní Ìkòròdú pé bí a bá rí òun lórí kẹ̀kẹ́, ká má gba ohun tí òun bá sọ gbọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́."

Alága kọjú sí igbó.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà rọra kọjá, ó yẹ omi ẹrọ̀fọ̀ sílẹ̀ kó má bàa ta sí wọn lára. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó yọrí. "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ máa rọra, omi pọ̀ níwájú."

Mọ́ṣúdù wo ọkọ̀ náà títí ó fi lọ. Inú rẹ̀ kò dùn. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa bọ̀gìnnì ni obìnrin yìí fẹ́ bà jẹ́. Nígbà tó yá, ó mi orí. "Yíyá ló yá mọ́tò yẹn," ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Mọ́ṣúdù àti ẹni tó gbé sẹ́yìn kò mọ̀. Bí wọ́n ti kúrò níbi ẹrọ̀fọ̀ báyìí ni Tìrìmísíyù kọ ojú sí àwọn oníkẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni ńlá níbí mọ́ o. Èmi nìkan ni." Wọ́n yíjú padà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọkọ̀ jáde wẹ́rẹ́. Tìrìmísíyù dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ̀ lé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kíákíá kó lè bá ọ̀gá rẹ̀ níbi ìpàdé.

Nítorí náà, kò pẹ́ tí fèrè olóhùn mẹ́ta fi dún lẹ́yìn Mọ́ṣúdù. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kọjú sí igbó. Alága ní tirẹ̀ fò sókè.

"Ọkọ̀ mi! Ọkọ̀ mi ni! Tìrìmísíyù!"

Ó sáré sí àárín ọ̀nà, ó ń ju apá tó ní agbádá, ó ń ju èyí tí kò ní. Tìrìmísíyù rí ọkùnrin kan tí ẹrọ̀fọ̀ bò, tí kò dé fìlà, tí aṣọ rẹ̀ fàya, tó ń fò láàárín ọ̀nà. Ó rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń tẹnu mọ́: "Bí wèrè bá dá ọ dúró, fọn fèrè, má dúró." Awakọ̀ rere ni. Ó fọn fèrè, kò dúró. Alága bẹ́ sínú koríko.

Ariwo ọkọ̀ lọ sílẹ̀. Eruku kò sí torí òjò, omi ló wà, ó sì kan gbogbo ara. Mọ́ṣúdù dé fìlà rẹ̀ padà.

"Sà," ló béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "báwo ni fèrè náà ṣe rí láti ìta?"

Alága gbọn koríko kúrò lára, ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ padà.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ti dúró sábẹ́ igi, kọ́tìnì bò ó. Tìrìmísíyù kò rí ẹni tó jọ ọ̀gá rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rò pé ó ti wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé, ó ti lọ wá omi tí yóò bù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Àwọn ìgbìmọ̀ ti yí ọkọ̀ ká. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun, ọ̀gá tó wá láti Ìbàdàn, ti ṣí fìlà, ó dúró níwájú fèrèsé rẹ̀. Akọ̀wé ti ka ìkíni dé òpin, kò sí ẹni tó kan gíláàsì. Ó tún un kà. Kò sí ẹni tó kan gíláàsì.

"Ṣé kò gbọ́ ni?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun béèrè.

"Ó gbọ́, sà. Ó ń ronú."

"Oòrùn ń pa wá o."

"Ẹ wo bí ọlá rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, sà! Oòrùn ń pa wá, òun ò tilẹ̀ mira." Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó gbé ohùn sókè. "Alága wa, bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí òfin tó lé kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́nà mọ́tò, ẹ dákẹ́!"

Ọkọ̀ náà dákẹ́.

"Ó ti gbà!" ni gbogbo wọn hó. Àtẹ́wọ́ ró. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun mí kanlẹ̀, ó yọ kálàmù jáde lápò.

Ìgbà yẹn ni Mọ́ṣúdù já sí gbàgede. Múdàṣírù, akódà ìgbìmọ̀, sáré wá dí i lọ́nà.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọjú sí igbó! Ṣé ẹ ò rí ọkọ̀ Alága ni?"

"Èmi ni Alága!" ni ẹni tó wà lẹ́yìn kígbe.

Múdàṣírù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ lọ wẹ̀. Alága wà nínú ọkọ̀. A ti ń kí i tipẹ́."

"Ó dá yín lóhùn?"

"Ẹni ńlá bíi tirẹ̀? Kí ló máa dá wa lóhùn sí?"

"Akọ̀wé! Akọ̀wé, wò mí dáadáa!"

Akọ̀wé wò ó, ó fi ọwọ́ bo imú. "Ọwọ́ Alága ni mo mọ̀," ló wí. "Òrùka sì wà níbẹ̀." Alága na ọwọ́ jáde. Ẹrọ̀fọ̀ ló wà níbẹ̀.

Alága yíjú sí Mọ́ṣúdù. "Sọ fún wọn, Mọ́ṣúdù! Sọ ẹni tí mo jẹ́." Ó sún mọ́ etí rẹ̀. "Rántí àsíá pupa."

Gbogbo ojú yí sí Mọ́ṣúdù. Kálàmù wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun. Mọ́ṣúdù rí àsíá náà lójú ọkàn, ó ń fẹ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ sí Àgbọ̀wá, òun nìkan. Ó wá rí apẹja Ìbèṣè tó gba àpótí lọ́wọ́ òun tí kò wo òun lójú, tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ kẹ̀kẹ́ àti ẹja nínú àbàtà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi.

"Ẹ̀yin àgbà," ló wí, "èmi ò mọ ojú Alága rí. Kọ́tìnì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wà nínú ọkọ̀ yìí, òun ló yẹ kó sọ."

Ó rìn kọjá Múdàṣírù, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Kò tíì kan gíláàsì!" ni Akọ̀wé pariwo. "Kò tíì kàn án!"

Mọ́ṣúdù ṣí ilẹ̀kùn.

Ìrọ̀rí kan ló wà lórí ìjókòó, ìrọ̀rí rọ̀bìtì tó ní ìṣẹ́tí wúrà. Kò sí nǹkan mìíràn. Gbàgede náà dákẹ́ bí ẹni pé òun náà ń ronú.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀ dáadáa. "Kí ni mo ti ń ṣí fìlà fún láti àárọ̀?"

"Ìrọ̀rí Alága ni, sà," ni Akọ̀wé wí.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta ẹja létí gbàgede, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ ojú omi, ó sì bo gbogbo Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkùnrin ẹlẹ́rọ̀fọ̀.

"Ẹ̀yin wá ni Alága?"

"Èmi ni, sà. Èmi gan-an."

"Báwo lẹ ṣe dé ibí?"

Alága wo ilẹ̀. "Ọkọ̀ mi rì, sà. Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi."

"Ọ̀nà inú igbó lẹ gbà ni?"

"Rárá, sà. Ọ̀nà mọ́tò."

"Kí ló mú ọkọ̀ rì?"

"Kòtò."

"Iṣẹ́ ta ni kòtò?"

Ọkọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń fa àga wọn sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága, títí ó fi ku òun nìkan láàárín. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun dé kálàmù rẹ̀, ó fi í sí àpò.

"N kò fọwọ́ sí òfin kankan. Kẹ̀kẹ́ á máa lo ọ̀nà mọ́tò, wọn ò sì ní máa kí igbó mọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń bá ìrọ̀rí ṣèpàdé ti tú ká láti ìsinsìnyí. Ọkọ̀ yìí ò ní kúrò ní Ẹ̀pẹ́; a ó tà á, a ó sì fi dí kòtò."

Akọ̀wé ká apá agbádá, ó tẹ̀ síwájú, ó kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun. "Ẹ̀yin tí ẹ tẹ kòtò mọ́lẹ̀," ló bẹ̀rẹ̀, "tí kòtò ń dúpẹ́!"

"Ẹ jókòó jẹ́jẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun wí.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Mọ́ṣúdù ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ sójú ọ̀nà. Olóyè Fẹ̀hìntọlá jókòó sórí òkúta kan ní ìparí ìlú. Kò sí ẹni tó ń kí i, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Mọ́ṣúdù."

"Sà?"

"Ìkòròdú jìn."

"Ó jìn, sà."

Mọ́ṣúdù bọ́ fìlà, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e padà. "Ẹ gun ẹ̀yìn," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí a bá dé òkè, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó bá mi tì í."

Nígbà tí wọ́n dé òkè, Olóyè sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó gbé èjìká tì í. Òógùn ń dà lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè náà tán nígbà tí bọ̀gìnnì kan já lù wọ́n láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ariwo fèrè. Kò dẹsẹ̀ rárá. Ó fi táyà gba omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó da gbogbo rẹ̀ lé Olóyè lórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Olóyè dúró, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sọ ọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ náà.

"Ọ̀bàyéjẹ́!" ló ké títí ohùn rẹ̀ fi há. "Bàbá rẹ ló la ọ̀nà yìí ni? Ṣé igi ni o rò pé a jẹ́?" Ó yíjú sí Mọ́ṣúdù. "Mọ́ṣúdù, mo bẹ̀ ọ́, dá mi lóhùn. Àwọn onímọ́tò yìí, irú èèyàn wo tilẹ̀ ni wọ́n?"

Mọ́ṣúdù lanu pé kí òun ṣàlàyé. Ẹ̀rín kò jẹ́. Ó rọra gbé kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ sínú koríko, ó di ikùn mú, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà mọ́tò.